Àbúrò Mi Ní Inú Kọ̀ǹpútà Ni Gbogbo Wa Wà

Ẹ̀yin ará ilé ní Kétu wa lódìkejì ẹnubodè, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí léèrè ohun tí mo rí ní Èkó. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́: bóyá ilé wọn ga tó ti orí tẹlifíṣọ̀n, bóyá òótọ́ ni pé wọn kì í sinmi, bóyá wọ́n jà mí lólè. Wọn ò jà mí lólè. Agboòrùn kan ṣoṣo ni mo pàdánù, èmi fúnra mi ni mo sì gbàgbé rẹ̀ sórí ìjókòó kẹ̀kẹ́. Ohun tí mo bá lọ gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín gbọ́ ọ ní àbọ̀, ẹ sì ń wí fún ara yín pé orí Kọ́lá àbúrò mi ti dàrú. Orí rẹ̀ ò dàrú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ló bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ti iṣẹ́ ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì mi, fóònù dún, obìnrin kan ní òun ni Ràlíátù, àfẹ́sọ́nà Kọ́lá. Mo mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i rí.

"Àǹtí Yẹmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo àbúrò yín. Ó ní ká má ṣègbéyàwó mọ́."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà. Ó ní ayé yìí kì í ṣe ayé. Ó ní ẹnì kan ló kọ gbogbo wa sínú kọ̀ǹpútà, bí òun náà ṣe máa ń kọ àwọn èèyàn inú géèmù níbi iṣẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun ló fẹ́ràn mi tàbí ńṣe ni wọ́n kọ ọ́ mọ́ òun lára."

"Kí ni ìwọ wá sọ?"

"Mo bi í bóyá wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo máa gbá a létí." Mo gbọ́ tó fa ikun sínú. "Ṣùgbọ́n mi ò lè gbá a, Àǹtí. Ó ti rù."

Ẹ mọ̀ pé ọdún méjìlélógún ni mo fi ju Kọ́lá lọ. Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbígbẹ̀yìn, àwọn tó wà láàárín wa ò dúró. Ẹ̀yìn mi yìí ló sùn sí jù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àbúrò bàbá wa mú un lọ sí Èkó kó lè kàwé, láti ìgbà náà ló ti di ẹni tí à ń rí nígbà Kérésìmesì nìkan. Nígbà tí ìyá wa kú ní èṣí, ó ní òun ń bọ̀. Kò wá. A sin wọ́n láìsí i níbẹ̀. Mi ò bá a jà o. Mo kàn dákẹ́ sí i ni, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ.

Mo tọrọ àyè ní ilé-ìwé, mo di ẹrù mi.

*Dídé*

Mo ti rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni èmi àti wọn ń sọ, mi ò ní di àjèjì. Irọ́ ni. Ní Yábàá, mo kí ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo béèrè ọ̀nà. Ó tẹ́tí dáadáa, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ orin tó ti gbọ́ rí ṣùgbọ́n tí kò rántí ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Mo ní mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi Pijin dá mi lóhùn. Mo ní Yorùbá ni mo ń sọ sí i.

"Háà! Yorùbá nìyẹn?" ẹnu yà á. "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé Àgànyìn ni yín." Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa tó ti ẹ̀yìn ẹnubodè wá nìyẹn.

Ó dìde, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gbé báàgì mi, ó sì bá mi rìn dé ẹnu géètì tí mò ń wá. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ohùn wọn le bí ohùn ẹni tó ń jà, ẹsẹ̀ wọn yá, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti béèrè ọ̀nà, wọn a gbàgbé ohun tí wọ́n ń kánjú ṣe.

Ìyá Ṣọlá, onílé Kọ́lá, ló ṣílẹ̀kùn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n ga, wọ́n tín-ínrín, gíláàsì ojú wọn so mọ́ okùn ní ọrùn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n Kọ́lá. Ẹ jókòó, ẹ mumi. Ọmọ yín ò ya wèrè o. Oríṣiríṣi ọmọ ni mo ti kọ́ níwèé, mo mọ èyí tó ya wèrè, mo mọ èyí tí nǹkan ń dùn."

Kọ́lá jáde láti yàrá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó dìde ni mo rí i pé òótọ́ ni Ràlíátù sọ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ sí i lára bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ líle kan láti ilé pé èmi yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Mo di í mú.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Ṣọlá yé pè mí ní "ẹ", wọ́n ní, "Yẹmí, wá bá mi gé ẹ̀fọ́ yìí." Inú mi dùn débi pé mo gé ti ọjọ́ kejì mọ́ ọn.

*Oúnjẹ ilé wa*

Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní àwa la ni ín. Ẹ̀wà ni, wọ́n sè é títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n wá da ata dúdú kan tó ti jóná mọ́ epo lé e lórí. Ẹ̀wà àgànyìn lorúkọ rẹ̀. Kọ́lá gbé e síwájú mi tayọ̀tayọ̀: "Àǹtí, oúnjẹ ilé yín rèé!" Mi ò jẹ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ń tà á lẹ́nu géètì, ó wò mí bí ẹni tó ń sẹ́ ìyá rẹ̀. Ó dùn o. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ rọ̀ bí òwú, kò dà bíi tiwa gígùn tí èèpo rẹ̀ ń họ èèyàn lẹ́nu.

Ìdí ẹ̀wà yìí la wà nígbà tí mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi látòkè délẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín, mi ò sì pariwo.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò sọ ọ́, èdè yín nìyẹn," ó wí. "Ṣé ẹ gbà pé géèmù òde òní dára ju ti ìgbà tí mo wà ní kékeré lọ?"

"Mo gbà."

"Ṣé á ṣì máa dára sí i?"

"Bóyá."

"Ó dáa. Ọjọ́ kan á dé tí èèyàn á lè kọ odindi ìlú sínú kọ̀ǹpútà, tí àwọn tó wà níbẹ̀ á máa ronú, tí ebi á máa pa wọ́n, tí wọn ò sì ní mọ̀ pé kíkọ ni wọ́n kọ wọ́n. Ẹni tó bá lè kọ ọ̀kan á kọ ẹgbẹ̀rún. Ayé gidi, ọ̀kan. Ayé tí wọ́n kọ, ẹgbẹ̀rún. Tí wọ́n bá dì yín lójú, kẹ́ ẹ mú ọ̀kan, èwo lọwọ́ yín máa bà?"

Mo wá àṣìṣe inú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wá a nínú iṣẹ́ ọmọ kíláàsì. "Ta ló sọ fún ọ pé ìrònú ṣe é kọ sínú kọ̀ǹpútà?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ta ló sọ pé kò ṣe é kọ?"

Mi ò rí àṣìṣe náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìṣirò, mi ò sì rí i. Ìyá Ṣọlá tó ń kọjá ló dá sí i: "Ọlọ́run ló dá ayé. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló fi dá a, ìyẹn ò kàn mí. Kọ́lá, jẹ ẹ̀wà rẹ kó tó tutù."

Ó jẹ ẹ́.

*Ìwáyà*

Kọ́lá ní ìwé kékeré kan tó fi ń kọ ohun tó pè ní àṣìṣe ayé. Ẹni méjì tó sọ ọ̀rọ̀ kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan, ó kọ ọ́. Ọkọ̀ pupa mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn ní Kọ́sítéènì, ó kọ ọ́. Mo ní kó mú mi lọ sí ibi tí àṣìṣe tó tóbi jù wà. Ó mú mi lọ sí Ìwáyà.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni ibẹ̀ wà, èéfín ẹja yíyan ti mú gbogbo afẹ́fẹ́. Ó dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, ó nawọ́ sí obìnrin kan tó jókòó ti iná.

"Ẹ máa wò ó. Á yí ẹja padà lẹ́ẹ̀mẹta, á bojú wẹ̀yìn, á fọwọ́ nu imú, á tún yí ẹja. Lójoojúmọ́ ni. Bí àwọn tí mo máa ń kọ sínú géèmù ló ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́."

A dúró. Obìnrin náà yí ẹja padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó fọwọ́ nu imú. Ẹ má purọ́ fún ara yín, àyà ẹ̀yin náà ìbá já.

Ìgbà náà ni obìnrin náà sọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì rẹ̀ tó wà ní ìdí iná kejì, Ègùn ni ó fi sọ ọ́. Ẹ rántí pé Àjàṣẹ́, ìlú àwọn Ègùn, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Láti ìgbà tí mo ti wọ Èkó, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbọ́ èdè tí kò sẹ́ni tó máa fi rò pé àjèjì ni mí. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo fi ọwọ́ di òpó mú.

"Kí ló dé?" Kọ́lá béèrè. "Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Ọkùnrin yẹn tún ti dé o. Lójoojúmọ́ ló ń dúró síbi òpó láti máa wò mí, kì í ra ẹja, kì í kí èèyàn. Mi ò lè yan ẹja mẹ́ta láìbojú wẹ̀yìn wò bóyá ó ti lọ.'"

Ọmọ ìyá mi dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Mo lọ bá obìnrin náà, mo fi Ègùn kí i. Ó pariwo, ó dì mọ́ mi, ó béèrè ilé mi, ó béèrè ọmọ mi, ó pe àwọn mẹ́ta wá wò mí. Ó wá kọjú sí Kọ́lá pẹ̀lú Yorùbá: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ mi? Ẹ sọ ọ́, kí n lè sọ fún ọkọ mi!"

Kọ́lá dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eérú níbẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìlà gba orí ohun tó kọ sínú ìwé náà kọjá. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Àǹtí, èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ìyẹn ò sọ pé kò sí àṣìṣe." Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò, mo ní láti gbà fún un.

*Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi*

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyá Ṣọlá ń sinmi. Kọ́lá ní, "Àǹtí, nǹkan kan wà tí mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni, Ràlíátù pàápàá."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Abúlé kan ló hàn, ilẹ̀ pupa, igi máńgòrò. Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́lá sọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà náà, ó ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀sán."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Kọ́lá mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ohùn ìyá wa ni. Kò jọ ọ́, òun gan-an ni, pẹ̀lú èémí kékeré yẹn tí wọ́n máa ń mí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi ohùn sọ ránṣẹ́ sí Kọ́lá lórí fóònù ló kó jọ, ló fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohùn wọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Màmá," mo wí. "Èmi ni. Yẹmisí."

Obìnrin náà yíjú sí ohùn mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó. Ṣé Kọ́lá lẹ bá wá?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń lọgun orúkọ mi láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n pè mí ní "ẹ". Wọ́n kí mi bí àlejò tó ṣìnà. Mo ti jẹ́ àjèjì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní ìlú yẹn, kò dùn mí. Èyí dùn mí.

Kọ́lá pa kọ̀ǹpútà náà dé. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nìkan ni mo ní. Nínú gbogbo rẹ̀, wọn ò bá yín sọ̀rọ̀ rí."

"Kí lo kọ ọ́ fún?"

Ó jókòó sórí ibùsùn. "Nígbà tí mo gbọ́ pé Màmá ti kú, mo di báàgì mi. Mo dé ẹnu géètì. Ẹsẹ̀ mi ò gbé. Mo rò ó pé tí mi ò bá rí i, kò tíì ṣẹlẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ pe orúkọ mi, mo ronú pé tí èmi lásánlàsàn bá lè ṣe èyí, kí ni ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ò lè ṣe? Tó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà la wà lóòótọ́, Àǹtí, nǹkan kì í nù níbẹ̀. Àfi tí ẹni tó ni ín bá pa á rẹ́. Wọ́n á wà níbì kan. Ẹnì kan á ṣì ní wọn lọ́wọ́."

Gbogbo wa ti rò pé àìnírètí ló mú ọmọ yìí. Ìrètí ni. Mi ò sì ní agbára láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í lórí ibùsùn.

Mo sọ fún un pé ìyá wa kì í béèrè bóyá èèyàn ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì, tó o bá jáfara, wọn á jẹ tìrẹ mọ́ tiwọn. Mo sọ bí wọ́n ṣe bú olórí akọrin lójú ìjọ, tí wọ́n sì gbàgbé kí ìsìn tó parí, tí wọ́n tún lọ kí i. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù alángbá máa ń bà wọ́n. Kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń mumi.

Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè rí. "Báwo ni wọ́n ṣe kú?"

"Àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń yún àwọn, kí n bá àwọn họ ọ́. 'Lọ sókè díẹ̀.' Mo lọ sókè. 'Apá ọ̀tún.' Mo lọ sí ọ̀tún. 'Ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ gan-an nìyẹn.' Wọ́n wá fẹ̀yìn tì mí lára. Mo rò pé ó tù wọ́n lára ni. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó mọ̀."

Kọ́lá fi orí lé itan mi, ó sunkún bó ṣe máa ń sunkún nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, pẹ̀lú gbogbo ara. Èmi náà sunkún. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, torí pé mo ń bínú sí i.

*Mùṣin*

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí Mùṣin. Bàbá Ràlíátù máa ń tún ọkọ̀ ṣe níwájú ilé wọn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kí wa torí epo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ràlíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò fún gíláàsì ló ń ṣiṣẹ́. Ojú òun fúnra rẹ̀ tóbi, kò sì fara pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Kò wo Kọ́lá.

Kọ́lá sọ ohun gbogbo fún un: ìyá wa, kọ̀ǹpútà, báàgì tó dì tí kò gbé kọjá géètì. Ràlíátù ń gbọ́, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

"Ṣé o ṣì gbà pé inú kọ̀ǹpútà la wà?" ó bi í.

"Mo ṣì gbà á," Kọ́lá wí. Mo fẹ́ fún un ní ìgbọ̀nwọ́.

"Ó dáa. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé odindi ọdún kan ni nǹkan fi ń dùn ọ́, o jókòó tì mí, o ń bá mi sọ̀rọ̀ ayé." Ó wò ó wàyí. "Bá Àǹtí lọ sílé. Lọ kí ìyá rẹ. Tó o bá dé, kó o wá bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò sọ pé màá gbà o."

Bàbá rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ló dáhùn: "Á gbà."

"Bàámi!"

Ẹ ti rí i fúnra yín pé ó gbà. Òun náà ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi nílé ìsìn lóṣù tó kọjá, tí ẹ ń béèrè ọmọ ta ni.

*Ilé*

Ẹ má bi mí bóyá Kọ́lá ti yí èrò rẹ̀ padà. Kò yí i. Ó ti yọ ohùn ìyá wa kúrò nínú abúlé rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ sí wọn lẹ́nu mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí èmi náà, mo sì ń gbọ́ wọn nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀.

Ọjọ́ tí a dé, kò jẹ́ kí n gbé omi fún òun. Ó ní kí n mú òun lọ sẹ́yìnkùlé tààrà. Ó dúró síbi ibojì náà, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Mo ń retí pé á sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò sọ ọ́.

"Àǹtí, ìhà ibo ni orí wọn wà?"

Mo nawọ́ sí ìhà ògiri. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Màmá, Kọ́lá ni," ó wí. "Mo pẹ́ kí n tó dé."

Mo padà sínú ilé, mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀.